Ta ló gbé ọmọ?

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Aṣọ ẹgbẹ́ ti ń wọlé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba wa. Kò sí aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sùn dáadáa lásìkò yìí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, á mú lẹ́ẹ̀sì, òmíràn á mú aṣọ òkè, òmíràn á ní àńkárá ni tọdún yìí. Láti ìgbà tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà ti sọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí dọ̀tun ni iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i fún wa lọ́dọọdún. Aṣọ kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kan máa ń dá, ṣùgbọ́n obìnrin Ìjẹ̀bú wo ló máa gbà kí bùbá òun rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó jókòó tì í? Ibẹ̀ ni ọpọlọ aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí ti ń dùn mọ́ mi jù.

Àárọ̀ yìí ni mo pa ìwé iṣẹ́ dé. Èyí tí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lè rán kó dára, kí a sì tún rí ojú wa fi sùn, ti pé. Kò pẹ́ sí i ni màmá kan tí mo ti ń ránṣọ fún látọjọ́ wọlé, lẹ́ẹ̀sì wọn nínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ṣàlàyé pé ọwọ́ mi ti kún, pé n ó mú wọn lọ bá àbúrò mi kan ní ọ̀nà Ìbàdàn.

“Ṣé o ti ń lé mi ni?”

“Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá! Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ gba aṣọ yín kí n wá já yín kulẹ̀ ni.”

“Kò ní bà mí láṣọ jẹ́ ṣá? Ẹgbẹ̀rún mélòó ni mo ra lẹ́ẹ̀sì yìí!”

“Ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́, mà. Torí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni ẹ ò ṣe gbúròó rẹ̀ mọ́.”

Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, kí ọlọ́jà máa júwe ìsọ̀ ẹlòmíràn fún oníbàárà.

Ohun tí àwọn akẹgbẹ́ mi náà máa ń sọ nìyẹn. Wọ́n ní oníbàárà tí mo bá fọwọ́ ara mi mú lọ síbòmíràn kò ní padà. Àwọn kan ò padà lóòótọ́. Ibi tí wọ́n lọ náà, obìnrin kan ló ń jẹun níbẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Àwọn mìíràn ní, ó kéré tán, kí n máa yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ tí mo bá gbé fún èèyàn. Mi ò gba kọ́bọ̀. Iye tí n ó pè fún màmá yẹn gan-an ni mo ní kí àbúrò mi pè, kó má dín in torí pé ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni gbogbo ayé máa ń fẹ́ ná lówó jù, torí wọ́n mọ̀ pé owó ń jẹ ẹ́ níyà.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí mo ṣe ń ṣe é: ṣọ́ọ̀bù, ilé, àwọn ọmọ, ọkọ tó jẹ́ pé Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, tí a kì í rí títí di alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á ní mo mà lágbára o. Ọ̀rọ̀ náà kì í dùn mọ́ mi nínú, torí kì í ṣe agbára mi. Ìyá Ìbejì ilé kejì ló ń lọ kó àwọn ọmọ mi ní ilé ìwé. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, títí n ó fi dé. Bí wọ́n bá ro ìkọ́kọrẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà kì í fẹ́ bá mi lọ sílé mọ́. Owó oṣù ni mo ń san fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣé ọmọ títọ́jú náà ni èèyàn ń gbowó lé lórí láàrin ará àdúgbò? Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Àsìkò tí wọ́n ń lò lórí àwọn ọmọ mi ni mo fi ń rán aṣọ tí mo ń gbowó rẹ̀. Báwo ni tèmi ṣe máa jẹ́ iṣẹ́, kí tiwọn wá jẹ́ oore?

Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Òkè-Ajé. Bí a bá ti ilé ìwé dé, ìdí àtẹ ni à ń lọ tààrà. Bí ìyá mi ò bá sí nídìí ọjà, ìyá onírù wà, ìyá aláta wà, ẹni tó bá ní oúnjẹ lọ́wọ́ ló máa fún wa jẹ. Kò sẹ́ni tó ń ṣírò rẹ̀, torí gbogbo wọn ló ń ṣe é fún ara wọn. Ìyẹn ti ń dín kù. Kálukú ti wà nínú géètì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí ì bá máa gbé ọmọ fún wa sì ti wà ní Èkó tàbí lókè òkun, níbi tí wọ́n ti lọ wẹ ọmọ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń ràn wá lọ́wọ́ ò pọ̀ mọ́. Mo rò pé ìdí tó fi yẹ ká san owó rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Màmá HID Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, bí wọ́n ṣe dúró ti ọkọ wọn ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Mo fẹ́ràn Màmá, tí wọ́n bí ní 1915, tí wọ́n sì kú ní oṣù kẹsàn-án 2015, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Òwò wọn ni mo máa ń fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí sí i. Ọdún 1944 ni ọkọ wọn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, 1946 ni wọ́n padà, àwọn ọmọ sì kéré nílé. Ọjà tí Màmá ń tà ló gbọ́ bùkátà ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di gbajúmọ̀ oníṣòwò aṣọ, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń ṣe alágbàtà fún Nigerian Breweries. Bí mo bá ti gbọ́ ìtàn yẹn, ìbéèrè kan ló máa ń wá sọ́kàn mi: ta ló gbé ọmọ nígbà tí Màmá wà lọ́jà? Ta ló wà nídìí ààrò? Gbogbo obìnrin tí a ń pè ní alágbára ni ó yẹ ká bi ní ìbéèrè yẹn, ká sì dárúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ti ọmọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ wa ló jẹ́ pé orí ọmọ iṣẹ́ ni ìrọ̀rùn wọn dá lé. Òbí sanwó, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ní kí ọmọ àwọn wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ọmọ náà sì wà nídìí abọ́ fífọ̀, ó ń pọn ọmọ ọ̀gá, ó ń pọnmi. Bí ọdún bá pé, wọ́n á ṣe fúrídọ̀mù fún un tayọ̀tayọ̀, kò sì ní lè gé ọrùn bùbá. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ iṣẹ́ kì í gbé ọmọ mi. Àárẹ̀ ti mú mi dé ibi tí ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé “ẹ bá mi gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀”. Mi ò sọ ọ́.

Lónìí, èyí tó kéré jù nínú wọn gé lẹ́ẹ̀sì fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní kó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó wá àárín òdòdó rẹ̀ kó tó gbé síṣọ́ọ̀sì. Bí àárín òdòdó ò bá bọ́ sí àárín àyà, bùbá náà á dà bí ẹni tí èjìká rẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tún un ṣe. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ó pa á rẹ́, ó tún sàmì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo jókòó tì í, mi ò gba síṣọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ń dúró dè mí. Nígbà tó gé e tán, tó ṣí i, òdòdó náà jókòó sí àárín gbùngbùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Orúkọ rẹ̀ ni yóò wà nínú bùbá yẹn, torí ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ lára aṣọ ni a máa ń kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú ọrùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Aṣọ olónà ló kọ́ mi ní ìyẹn. Obìnrin Ìjẹ̀bú ló ń hun ún lórí òfì tó dúró lóòró, pẹ̀lú àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì lára rẹ̀. Àwọn olóyè àti àgbà ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Òṣùgbó ni wọ́n ń fi í sí èjìká, òwò sì gbé aṣọ Ìjẹ̀bú dé Benin àti ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ ní Niger Delta. Èyí tó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun nínú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n á kọ Ìjẹ̀bú sí i, wọn ò ní kọ orúkọ ẹni tó hun ún. Bí mo bá ń ya iṣẹ́ ọnà tí n ó fi sí àyà bùbá, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wọ̀nyẹn ni mo máa ń wò.

Yíyà yẹn gan-an ni iṣẹ́ sì máa ń kọ́kọ́ pa run. Bí ọwọ́ bá dí, ránṣọ-gbowó kò ní dúró, ọmọ kò ní ṣàì jẹun, ìwé tí mo fi ń ya nǹkan ló máa ń jókòó kalẹ̀ láìsí ẹni tó ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù mi kì í fi í ṣí fún oníbàárà ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Èmi, pẹ́ńsùlù àti ìwé ni. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é.

Àjọ wa náà pàdé lálẹ́ yìí: aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń so gèlè, onífọ́tò, gbogbo wa obìnrin tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wa. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí obìnrin òṣìṣẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 nítorí ìbímọ, kí wọ́n sì san ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ fún un bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló máa san tiwa? Nítorí náà ni a ṣe fi í ṣòfin láàrin ara wa pé ẹni tó bá lóyún ló máa kọ́kọ́ kó àjọ, kí a sì pín àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́ra wa lọ́wọ́ títí yóò fi dìde. Onífọ́tò wa ló kó o lálẹ́ yìí. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò bí.

Lẹ́yìn Ojúde Ọba ni fúrídọ̀mù ọmọ iṣẹ́ mi àgbà. Ṣàgámù ni ó fẹ́ lọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn àna rẹ̀ wà. Kò mọ aránṣọ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ àwọn kan. N ó bá a wọ mọ́tò lọ kó tó gba ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n rí ojú rẹ̀, kí wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ó sì mọ ilé tí yóò kanlẹ̀kùn bí ọmọ bá ń gbóná tí aṣọ ìyàwó sì wà lórí máṣíìnì.