Títún inú bọ́nẹ́ẹ̀tì Peugeot 504 kùn: ìfọ̀ ni iṣẹ́

Bí ọ̀dà agolo, èyí tí wọ́n ń fọ́n, bá ń bó nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì bú ẹni tó tà á. Ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Àwa ará Ọ̀ṣogbo, ìlú aró, mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ tàbí ìda dí lára àdìrẹ, aró kì í wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ́ìlì tó ti gbẹ mọ́ irin 504 rí, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975.

Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà nẹ́gétíìfù, kẹ́ ẹ gbé bátìrì kúrò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣeé sọ̀, ẹ sọ̀ ọ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi nàìlọ́ọ̀nù wé e dáadáa. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ló ń ha ọ̀rá dúdú kúrò, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì náà ń fi ọ̀rá tirẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá da omi tó mọ́ sí i. Tí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti mọ́. Tó bá ń ṣù, tó ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò, ẹ tún un fọ̀.

Abẹ́ bátìrì sábà máa ń dípẹtà nítorí áàsíìdì. Ẹ po bàkíǹ sódà mọ́ omi, ẹ dà á síbẹ̀, á hó. Ìgbà tí kò bá hó mọ́ ni kẹ́ ẹ ṣan án, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi sánpépà 80, èyí tó le, họ ìpẹtà, kẹ́ ẹ fi 320, èyí tó kúnná, dán an.

Ẹ fi téèpù bo nọ́mbà ṣáásí, àti ibi tí bóòtì ti di wáyà bátìrì mọ́ ara ọkọ̀. Bí ọ̀dà bá wọ ibẹ̀, iná ọkọ̀ á máa ṣe bàìbàì, sítátà á sì máa fà.

Agolo 400ml méjì ti puráímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ fọ́n), mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti àwọ̀, tó. Ẹ rà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù inú agolo, ẹ ṣì gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jẹ́ kí agolo jìnnà sí irin ní nǹkan bíi 25cm. Kọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ́n, kó tó kan ibi gbalasa. Ẹ fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín. Àsìkò tí wọ́n kọ sára agolo fún àtúnfọ́n ṣe pàtàkì gan-an: tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn lé èyí tí kò tíì gbẹ délẹ̀, yóò hunjọ.

Lásìkò òjò, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán ló dára, lábẹ́ ìbòji. Ọ̀rinrin máa ń sọ ọ̀dà di funfun bí ìkùukùu. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má dìde. Tí ihò róbótó bí ojú ẹja bá yọ, ọ̀rá ló ṣẹ́ kù; ẹ má fọ́n ọ̀dà lé e. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ họ ọ́, kẹ́ ẹ nù ún, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó da ẹ̀yà padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rọ omi bíréèkì, ẹ tẹ́ àkísà sábẹ́ ike rẹ̀: omi yẹn ń bó ọ̀dà agolo ni, bó bá sì kán sílẹ̀, omi lásán ni kẹ́ ẹ yára bù sí i.