Ẹ má fojú kéré ATP méjì yẹn

ATP ni ohun tó ń gbé agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó, glycolysis sì ni ìpele mẹ́wàá tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fọ́ ṣúgà tó ń jẹ́ glúkóòsì. ATP méjì péré ni èrè tó ń mú wá lórí glúkóòsì kan. Tí mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, bá wá fi ọ́síjìn parí iṣẹ́ náà, gbogbo ẹ̀ lè tó 30 sí 32, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń sáré kọjá lórí glycolysis bíi pé kò já mọ́ nǹkan. Èmi ò gbà o.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ náwó kó tó jèrè. Bí glúkóòsì bá ṣe ń wọlé báyìí, hexokinase, ensáìmù kan (èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá), á já fọ́sífétì kan lára ATP, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, fọ́sífétì yẹn sì ní negative charge tí ò jẹ́ kó lè gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, glúkóòsì ti há síbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á tún un tò di fructose, ensáìmù míì, phosphofructokinase, á wá ná ATP ìkejì lé e lórí. Ensáìmù yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọ̀kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, torí òun ló ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ: tí ATP bá ti pọ̀, ATP fúnra ẹ̀ á wá so mọ́ ọn, á dín iṣẹ́ ẹ̀ kù, tí ATP bá ń tán tí AMP (ohun tó ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá ti ná ATP) ń pọ̀, iṣẹ́ á tún yá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣúgà náà là sí méjì, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú ATP méjì wá, ẹ yọ méjì tá a ná kúrò, ó ku méjì, pẹ̀lú NADH méjì (NAD tó ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára ṣúgà) àti pyruvate méjì, ìyẹn ohun tí ìlàjì ṣúgà méjèèjì dà. Kò béèrè ọ́síjìn rárá.

Ẹ wá wo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara, àmọ́ kò ní mitochondria kankan, nǹkan bí ọjọ́ 120 ló ń lò láyé, ATP méjì méjì yìí ló sì gbára lé. Pyruvate ẹ̀ á di lactate, kí NADH lè padà di NAD, torí tí NAD bá tán, ìpele kẹfà ò ní ṣeé ṣe, gbogbo ẹ̀ á dúró gbagidi.

Kódà tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ò dáwọ́ dúró, wọ́n á máa jẹ ṣúgà inú ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, iye tí wọ́n máa rí á kéré sí ti inú ara èèyàn. Ìdí nìyẹn tí fluoride fi ń wà nínú ìgò oníderí aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ṣúgà, ó ń dí enolase, ọ̀kan lára ensáìmù mẹ́wàá yẹn, lọ́wọ́. Àmọ́ ìpele kẹsàn-án ni enolase wà, àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ṣì máa ń bá iṣẹ́ lọ fúngbà díẹ̀, nítorí náà ṣúgà ṣì máa ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, fluoride wà níbẹ̀ o, ó ṣì yẹ kí wọ́n tètè gbé ìgò náà dé láàbù.