Ẹ fi ọ̀nà àbùjá sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ètò ìlú ní Àbújá níbí, ògiri kan ní Lokogoma ló là mí lójú. Ilé méjì kẹ̀yìn síra wọn níbẹ̀, ògiri ẹ́síteèti ló dá wọn sí méjì. Bí wọ́n bá ń se ọbẹ̀ níbí, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Lórí àwòrán tó wà lórí tábìlì mi, àárín wọn ò fẹ̀ tó èékánná. Mo wá fẹsẹ̀ rìn ín: mo gba géètì kan jáde, mo bọ́ sí títì, mo yí po, mo gba géètì kejì wọlé. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú.

Láti ọjọ́ náà, oríta ni mo kọ́kọ́ ń kà lórí àwòrán èyíkéyìí, kí n tó ka ilé. Ọ̀nà mélòó ló pàdé níbẹ̀? Ṣé mẹ́rin ni, àbí mẹ́ta, àbí ẹyọ kan tí kò já síbì kankan? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọ̀pọ̀ ẹ́síteèti wa, òun náà ni gbogbo ọkọ̀ ń bá jáde láàárọ̀. Lójú tèmi, ẹnu géètì wọ̀nyẹn ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ètò ìlú Àbújá ti 1979 ro ọ̀nà àdúgbò Garki àti Wuse papọ̀. Ìlú wá kún. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.4 ní FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú wa. Ní Lokogoma, kálukú tó ń kọ́ ẹ́síteèti ló ya ọ̀nà tirẹ̀, láì bi aládùúgbò pé ibo ni tìẹ já sí.

Ilé ṣeé wó, kí a tún un kọ́. Ọ̀nà kò rí bẹ́ẹ̀: tí a bá ti ta plọ́ọ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí olúkúlùkù ti gba ìwé, ta ló fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀? Àwọn olùwádìí méjì, Barrington-Leigh àti Millard-Ball, wo ọ̀nà Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i ní 2015 pé nǹkan bí 1994 ni irú ọ̀nà tí kò já yìí pọ̀ jù nínú àwọn tuntun tí wọ́n ń là níbẹ̀, kó tó máa dínkù. Àwọn tí wọ́n ti là ṣáájú ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà àbùjá kí wọ́n tó mọ ògiri. Oníbàárà kan kọ̀ fún mi nítorí olè. Èkejì gbà kí a fi ilẹ̀kùn kékeré kan sẹ́yìn, tí mégáádì ń tì lálẹ́. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé báyìí, ìyá alákàrà kan sì ti gbé agbada rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹnu rẹ̀.