Ẹ Lọ Wo Ògiri Kí Ẹ Tó Yan Férémù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ férémù, bí òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ bá ránṣẹ́ pè yín pé kí ẹ wá ṣe férémù àwòrán, ẹ má tíì kó àpẹẹrẹ igi dání lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ògiri. Nínú ilé àdáni, ẹni tó ra àwòrán ló sábà ń nù ún, ó mọ iye tó fi rà á, ó sì mọ ẹni tó yà á. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń nù ún ṣì ní yàrá rẹpẹtẹ láti tún ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìlẹ̀kùn ń pa dé gbàmù-gbàmù tọ̀sán-tòru, ògiri ń mì. Bí àlejò bá wà, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Bí àlejò bá lọ, wọ́n á pa á, ooru á tún gba yàrá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ibi tí àwòrán yóò máa gbé ló yẹ kó yan férémù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àkísà, torí òun ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ jù. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe á fọ́n omi ìnudígí tààrà sójú gíláàsì. Omi yẹn á ṣàn wálẹ̀ wọ ibi tí gíláàsì ti pàdé igi, páálí tó yí àwòrán ká, tí àwa oníférémù ń pè ní mount, á sì fà á mu láti ìsàlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àbàwọ́n pípọ́n á fi máa gun páálí funfun náà bọ̀ lókè. Ohun tó ń dènà rẹ̀ kò wọ́n rárá: kí ẹ tó gbé gíláàsì, mount, àwòrán àti páálí ẹ̀yìn sínú igi, ẹ fi téèpù dí etí gbogbo wọn pọ̀ yíká. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn tó ń nu nǹkan fúnra yín, ẹ má fi mọ sọ́dọ̀ máníjà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ṣe é lójú wọn: ara aṣọ ni kí wọ́n máa fọ́n omi sí. Torí ọwọ́ wọn yìí kan náà ni mo ṣe máa ń yẹra fún igi tí wọ́n fín ọ̀ṣọ́ jíjinlẹ̀ sí lára. Eruku á wọnú fínfín náà, àkísà kò ní débẹ̀, ọdún kan ò ní pé tí férémù olówó ńlá á fi dà bí ohun tí wọ́n hú jáde nínú àjà. Igi tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni kí ẹ yàn.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì àti Perspex, ìyẹn ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, gba ìṣirò. Gíláàsì tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan wọn kílò 2.5 fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan tó bá fi nípọn. Bí àwòrán bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100 sí 120, tí ẹ fi gíláàsì mìlímítà 3 bò ó, gíláàsì nìkan ti tó kílò 9 kí ẹ tó ka igi mọ́ ọn. Perspex tó nípọn bẹ́ẹ̀ kò tó kílò 4 àtààbọ̀. Lókè orí ibùsùn àlejò, mi ò ní gbé gíláàsì síbẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ni ilé bẹ̀ mí tó. Ṣùgbọ́n Perspex ní èèwọ̀ tirẹ̀. Àkísà líle máa ń họ ọ́ lára, omi ìnudígí tó ní amóníà sì máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ sán wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá fi aṣọ gbígbẹ pa á lára, ó máa ń fa nǹkan mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ àwòrán èédú tàbí ti pásítẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹfun aláwọ̀, ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Gíláàsì ni ti èédú àti pásítẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì wá ògiri mìíràn fún wọn, kó má jẹ́ orí ibùsùn.

Èyí tó wù kí ẹ lò nínú méjèèjì, ẹ má jẹ́ kó fara kan àwòrán. Nígbà òjò ní Èkó, gíláàsì inú yàrá tútù máa ń làágùn tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn sí afẹ́fẹ́ ìta. Fọ́tò tó bá fara ti gíláàsì á lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣí i tí kò ní ya. Iṣẹ́ tí mount ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Ẹ ra èyí tí kò ní ásíìdì. Èyí tó ní ásíìdì á pọ́n létí ibi tí ẹ gé, á sì jó àwòrán yíká. Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jáde oníye ni, ìyẹn àwòrán tí wọ́n tẹ̀ ní iye kan pàtó, bíi ti ayàwòrán Bruce Onobrakpeya, ẹ jẹ́ kí ihò mount fẹ̀ tó láti fi nọ́ńbà àti ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀ hàn. Ẹni tó bá bo ìfọwọ́sí ayàwòrán mọ́lẹ̀ ti bo ẹ̀rí iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀.

Ilé oúnjẹ tún yàtọ̀. Èéfín òróró tí wọ́n fi ń dín dòdò àti ẹja kì í dúró sí ilé ìdáná. Ó ń rìn, ó ń bà lé ara ògiri, eruku á sì wá lẹ̀ mọ́ ọn. Àwòrán kánfáàsì tí kò sí nǹkan lójú rẹ̀ á mu gbogbo rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ gíláàsì lójú kánfáàsì, ẹ béèrè bóyá ayàwòrán ti fi fáníìṣì sí i. Bí kò bá sí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi sí i. Àwọn férémù oníke tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà dára lọ́nà púpọ̀, ikán kò ń jẹ wọ́n, ọ̀rinrin kò ń ṣe wọ́n ní nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ má gbé wọn sítòsí ààrò tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ gbígbóná jáde. Wọ́n máa ń rọ̀ nínú ooru, bí iná bá sì ràn wọ́n, èéfín wọn dúdú, ó burú. Ẹ tún jókòó sórí àga tí oníbàárà máa jókòó sí. Àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ń dúró nínú ilé oúnjẹ, nítorí náà, àwòrán lè wálẹ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì lọ, bí ẹ̀yìn àga kò bá ti lè kàn án. Láti orí àga yẹn lẹ ó ti mọ̀ bóyá fèrèsé tàbí iná òkè ló ń dán lójú gíláàsì tí àwòrán kò fi hàn. Gíláàsì tí kì í dán wà, ṣùgbọ́n bí ó bá jìnnà sí àwòrán, ojú á ṣú, nítorí náà mount tinrin ló bá a mu.

Ní ti igi, arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ó sì dùn-ún kùn, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀. Ìrókò wúwo, ó sì lágbára sí ikán. Igi tó bá ṣì tutù ni ọ̀tá: ọyẹ́ á dé, á sún kì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á là. Ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ilé máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, torí náà ẹ lẹ rọ́bà kéékèèké mọ́ igun ẹ̀yìn férémù kí atẹ́gùn lè kọjá. Ibi méjì ni kí ẹ sì ti kọ́ ọ, kí ìlẹ̀kùn tó ń gbá má sọ ọ́ di wíwọ́.

Àdìrẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, òun náà sì ni mo rí tí wọ́n ń fìyà jẹ jù. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó láé. Ẹ fi aṣọ òwú bo páálí tí kò ní ásíìdì, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu rán an mọ́ ọn jẹ́jẹ́, láìfà á le. Aró máa ń ṣí lójú oòrùn, nítorí náà kó má kọjú sí fèrèsé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ sábà jẹ́ abala méjì tí wọ́n rán pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú rírán náà hàn, ara iṣẹ́ ni. Bí onílé ìtura bá ní kí ẹ gé àdìrẹ àtijọ́ tí wọ́n ya bátànì Ìbàdàndùn sí sí wẹ́wẹ́ kó lè kárí yàrá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ ra àdìrẹ tuntun ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kí ẹ fi èyí àtijọ́ sí iwájú ilé lódindi. Àwòrán ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí Jimoh Buraimoh ti Òṣogbo fi lókìkí, nílò férémù jíjìn bí àpótí, kí gíláàsì má baà tẹ ìlẹ̀kẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé máa ń fẹ́ kí àwọ̀ mount bá kọ́tìnnì mu. Mo máa ń bá wọn jiyàn, mi ò sì tíì yí ọkàn padà. Òtẹ́ẹ̀lì á pààrọ̀ kọ́tìnnì, á tún ògiri kùn, àwòrán á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tí kò bá ohunkóhun mu mọ́. Inú àwòrán gan-an ni kí ẹ ti mú àwọ̀.

Kí ẹ tó dá owó lé iṣẹ́, ẹ ṣírò igi báyìí: ẹ ka gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ìlọ́po mẹ́jọ fífẹ̀ igi kún un, nítorí igun tí à ń gé dànù. Àwòrán sẹ̀ǹtímítà 50 sí 70 pẹ̀lú igi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 á gba 240 àti 40, ìyẹn 280. Bí ọ̀pá igi bá jẹ́ 290, ọ̀pá kan ti tó. Ẹ sọ ọ́ di 60 sí 80, ó di 320, ẹ ti wọnú ọ̀pá kejì. Fún ọgọ́ta yàrá, ìyàtọ̀ yẹn pọ̀. Ẹ ra gbogbo ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọ̀ ẹrù tuntun kì í sábà bá ti àtijọ́ dọ́gba, kí ẹ sì ra lé díẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà igi náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti irú gíláàsì tí ẹ lò sẹ́yìn férémù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ lé máníjà lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá fọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tó bá wá tún un ṣe á mọ ohun tó yẹ kó rà.