Wọ́n ti dé, wọn ò tíì wọlé

Òjò ṣú títí, kò rọ̀. Mo ra èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, owó rẹ̀ tún ti lé sí i. Ìyẹn ni ti òní.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni gbólóhùn kan tí mo gbọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Obìnrin méjì jókòó tì mí. Ọ̀kan ń kí èkejì kú oríire pé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ṣọ́jà ti ojú ogun Borno dé láyọ̀. Èkejì ní, "Wọ́n ti dé, àǹtí mi. Wọn ò tíì wọlé." Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń dáhùn iye tòmátì ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Cathedral, ó sanwó, ó lọ.

Wọn ò tíì wọlé.

Akúrẹ́ wa yìí, tí bárékè Owena wà, tí àwọn ọmọ 32 Artillery Brigade ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, a mọ bí a ṣe ń sọ pé káàbọ̀. A ó sebẹ̀, a ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyàwó pé kí ló dé tí ọkọ ẹ ń dá jókòó.

Ara ló ṣì ń ṣọ́nà. Níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, àpò tí ẹnì kan gbàgbé sẹ́bàá títì lè jẹ́ bọ́ǹbù. Ara kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ kó tó bèèrè ohun tó dún, ẹ̀kọ́ yẹn ló sì gbé e wálé láàyè. Ṣùgbọ́n ara kì í ka ìwé ìsinmi tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Wọ́n gún iyán lẹ́yìnkùlé, gbì! gbì!, ara ti padà sí Borno. Jẹnẹrétọ̀ tó bú lẹ́ẹ̀kan. Òórùn dísù. Ẹran tó jóná.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ò pè é ní PTSD, àìsàn ọkàn tí ìbẹ̀rù ńlá ń fi sílẹ̀, títí di 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam. Ṣùgbọ́n òwe yẹn ò parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹni tó ń sá fún ekòló ńkọ́? Òun ló ń gbá ekòló kúrò lọ́nà kí ọkọ tó jí. Ó ń kìlọ̀ fọ́mọ kó má jan ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún márùn-ún ń yọ́ rìn nínú ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn ti di ṣọ́jà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbowó oṣù.

Oorun ló le jù. Bó bá ń jà lójú àlá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè fún yín lọ́rùn kó tó mọ ibi tó wà. Ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni kẹ́ ẹ dúró, níbi tọ́wọ́ ò ní tó yín. Ẹ tanná. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo mọ̀ pé a kì í pe ọkọ lórúkọ, ṣùgbọ́n "Bàbá Lágbájá" lè má dé ibi tó wà lásìkò yẹn. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni, pé Akúrẹ́ lẹ wà. Ẹ má bi í lóhun tó rí. Tó bá jí, kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tútù, kó fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, kó tú u síta títí dé mẹ́fà, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀bẹ abẹ́ ìrọ̀rí gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́.

Ògógóró á gbé e sùn kíá, òótọ́ ni. Tágbára ọtí bá wá ń tán lóru, oorun á fọ́, àlá á le sí i. Lọ́la, ìgò méjì.

Ìṣọ́ òru náà ńkọ́? Mi ò bá àdúrà jà o. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń ṣọ́ òru láti ọdún méjì, ẹ tún ní kó lọ ṣọ́ òru mẹ́ta lórí òkè, kó gbààwẹ̀ lé e! Ẹ gbàdúrà lọ́sàn-án.

Mo ń bínú. Ó yẹ kí n sọ pé sùúrù ló gbà... Rárá, mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ti ní sùúrù tó. Tó bá ti lé lóṣù kan tí kò lọ, dókítà ọpọlọ ni, kò sì túmọ̀ sí wèrè. Oògùn rẹ̀, bíi sertraline tàbí paroxetine, lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó hàn lára; ẹni tó jù ú nù lọ́sẹ̀ kejì pé kò ṣiṣẹ́, kò tíì lò ó. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu wà, bí ìjókòó méjìlá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tó ti ń sọ ọjọ́ burúkú yẹn lásọtúnsọ títí ọjọ́ náà á fi di àná. Ó lè kọ́kọ́ le sí i.

Àwọn bàbá tó ti ogun Biafra dé ní 1970, tí a ní wọ́n le, tí wọn kì í bọ́mọ ṣeré. Bóyá wọn ò le rárá. Bóyá...

Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ wọlé? Kéèyàn lè jókòó kó kọ̀yìn sílẹ̀kùn. Kó gbọ́mọ lọ́wọ́ kó má máa wo fèrèsé.

Wọ́n ti mú iná lọ. Ará ẹ̀yìn ń fa okùn jẹnẹ, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò tíì gbà. Obìnrin yẹn níbi tó wà, ó ṣeé ṣe kó ti dìde lọ dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.