Ohun tí ìkòkò ẹ̀wà kan kọ́ mi nípa omi gbígbóná tí a sé mọ́

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìbàdàn, ìdérí pressure pot mi ṣí fúnra rẹ̀ lórí iná, ó sì lu àjà ilé ìdáná já. Mo ti jáde lọ kí ìyá ọkọ mi káàbọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí ó ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ni oru àti ẹ̀wà gbígbóná dà lé ní apá òsì àti ọrùn. Gíláàsì fèrèsé fọ́, irin tí ìkòkò jókòó lé lórí sítóòfù sì tẹ̀ wọlé bí ẹni pé òòlù ni wọ́n fi lù ú. Gbogbo wa rò pé sílíńdà gáàsì ni ó bú, ṣùgbọ́n ìta ni sílíńdà wà, ohunkóhun kò ṣe é. Omi lásán ni.

Ẹ̀bi náà kò ṣẹ̀yìn mi. Lára ìdérí ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni irin kékeré kan máa ń wà tí wọ́n ṣe kí ó yọ́ bí ooru bá pọ̀ jù, kí oru lè gba ibẹ̀ jáde. Tèmi ti ń jò fún ìgbà díẹ̀, dípò kí n sì ra òmíràn, mo gbé ìdérí lọ fún ẹni tí ó ń tún ìkòkò ṣe, ó fi irin àti gọ́ọ̀mù dí ihò náà pa, mo tilẹ̀ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé yìí, nítorí àlejò, mo bu ẹ̀wà kún ìkòkò dé ọrùn. Èèpo ẹ̀wà bá ìfófòó gòkè, ó dí ihò kejì, tí oru máa ń gbà jáde tí ó sì ń fọn bí fèrè. Nígbà tí fèrè náà dákẹ́, mo rò pé iná ni ó ti lọ sílẹ̀.

Nínú ìkòkò tí oru ti ń rí ọ̀nà jáde, bí ó ti wù kí a koná mọ́ omi tó, kì í gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 100 Celsius. Bí a bá dé e pinpin, ó lè dé nǹkan bí 120, èyí ni ó sì ń mú kí ẹ̀wà tètè jinná. Ṣùgbọ́n agbára oru tí a sé mọ́ inú ìkòkò ni kò jẹ́ kí omi náà hó kí ó tó dé ibẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ tí ìdérí bá ṣí, ooru tí ó lé lórí 100 náà gbọ́dọ̀ jáde, apá kan nínú omi yóò sì di oru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 péré ni apá yẹn, ẹni tí kò mọ̀ lè ní kí ni ìyẹn já mọ́. Àmọ́ omi tí ó di oru ń gba àyè tí ó lé ní ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀. Láti inú lítà 3 omi, ìwọ̀nba yẹn yóò di oru tí ó lé ní 150 lítà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Òun ni ó gbé ìdérí lu àjà, tí ó sì tẹ irin sítóòfù wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àgbá oru, ni ó sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi Sultana ti Amẹ́ríkà fún mi. Ọ̀kan nínú àgbá mẹ́rin tí ó ń se omi fún ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ń jò, nítorí ìkánjú láti kó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní àhámọ́ àwọn ọ̀tá lọ sílé, irin ni wọ́n kàn fi lẹ̀ ẹ́ ní Vicksburg. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1865, mẹ́ta nínú àwọn àgbá náà bú lórí odò Mississippi nítòsí Memphis, ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sì kú. Nígbà tí ó dé ibi irin tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù mi ni mo rántí.

Ní báyìí, n kò jẹ́ kí ẹ̀wà àti omi kọjá ìdajì ìkòkò. Kí n tó dé e, mo máa ń gbé ìdérí sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí n lè rí òdìkejì láti inú ihò rẹ̀, mo sì máa ń wo rọ́bà etí rẹ̀ bóyá ó ti sán. Bí fèrè bá dákẹ́ nígbà tí iná ṣì ń jó, iná ni mo ń pa láti ibi sílíńdà, n kò ní sún mọ́ ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi fọ́ọ̀kì gbé ohunkóhun lórí rẹ̀ títí yóò fi tutù. Sílíńdà gáàsì pàápàá, gáàsì tí a tẹ̀ títí ó fi di olómi ni a sé mọ́ inú rẹ̀. Bí iná bá ká a mọ́, ẹ sá jìnnà kí ẹ pe àwọn panápaná, ẹ má dúró bu omi sí i.

Ní ti àbúrò ọkọ mi, ẹyin tútù ni ìyá ọkọ mi fẹ́ fọ́ sí i lára, nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ aládùúgbò wa ni ó sáré wọlé tí ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, omi ẹ̀rọ ni.” Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ tó wú, ó sì fi apá náà sábẹ́ omi tí ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú gbáko, kò fi yìnyín tàbí ọṣẹ ìfọyín kàn án, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Apá náà jinná, àpá díẹ̀ ni ó kù lọ́rùn. Àwọn ẹyin yẹn ni Mọ́mì dín fún àwọn ọmọ ní alẹ́, nítorí ara àjà ni ẹ̀wà wà.