Kì í ṣe jẹjẹrẹ o! Ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, àbájáde àyẹ̀wò ti jáde. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ka lẹ́tà dókítà kí n tó gbà pé orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí mo fi dákẹ́ láti bí oṣù méjì, ẹ̀rù ló dí mi lẹ́nu.

Ẹ kúkú mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún 48 ni ara mi ti di ara ẹlòmíràn. Ooru á ṣàdédé gba àyà mi, á gun ọrùn, á bo ojú. Bó bá lọ tán, òtútù á wá mú mi. Bí mo bá jí ní aago 3 òru, òógùn á ti rin aṣọ mi gbindin. Ọ̀rọ̀ á wà lẹ́nu mi, n kò ní rí i sọ. Lọ́jọ́ kan, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, mo gbàgbé orúkọ ọ̀gá tí mo ti bá ṣiṣẹ́ fún ọdún 9. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rí yín o.

Ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ìgbà yẹn náà ni mo wá kóòṣì, ẹni tó ń ran obìnrin lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń dúró. Bàbá àwọn ọmọ mi wò mí títí: "Kóòṣì kẹ̀? Ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ máa gbá ni?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tiẹ̀ ní ìyá àwọn bí ọmọ méje, nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, kò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọgbọ́n. Màmá kò sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ẹ bi wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń sùn?

Èmi gan-an kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Ká ní mo tètè bímọ ni, ǹ bá ti bí ọmọbìnrin tí mo rí ṣe kóòṣì náà. Mo rò pé ìmọ̀ràn ni yóò máa dà sí mi létí. Kò fún mi ní ẹyọ kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè ló bi mí: "Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, mà, èwo lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ fúyẹ́?" Ó sì dákẹ́, ó ń dúró dè mí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dákẹ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Mo ní oorun ni. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀: àkókò tí ooru dé, ohun tí mo mu ṣáájú, ohun tó wà lọ́kàn mi, wákàtí tí mo fi sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 a jọ kà á. Kọfí ìrọ̀lẹ́ wà lára ohun tó ń jí mi lóru. Ooru ibi iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ìbẹ̀rù ló bí i o. Dókítà ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé bí ẹsitírójìn, họ́mọ̀nù obìnrin, bá ti ń lọ sílẹ̀, ibi tó ń díwọ̀n ooru ara nínú ọpọlọ á máa tètè fara ya, ìyípadà kékeré ni yóò fi tú òógùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àníyàn ń bu epo síná. Ó kọ́ mi láti máa fi ikùn mí, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí n tó wọlé ìpàdé. Ó ṣe bí ọ̀gá mi, a fi ọ̀rọ̀ tí n ó bá ọ̀gá sọ dánra wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀gá gbọ́, wọ́n gbé tábìlì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ní ti lẹ́tà tí mo fi fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ yẹn, mo kà á fún kóòṣì, ó ní: "Mà, ta ló kọ ọ́, ẹ̀yin ni àbí àìsùn?" Inú dúróà ló wà títí dòní.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Nǹkan oṣù mi dúró. Oṣù 12 gbáko láìrí i ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti dúró pátápátá, èmi sì ti ka 14. Mo ti ń yọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán mélòó kan péré. Mo fọ aṣọ, mo dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, òun yóò fún mi nínú oògùn họ́mọ̀nù tòun kí ara mi lè balẹ̀. Ọjọ́ 10 ni mo fi gbé e mọ́ra.

Nígbà tí mo fẹnu bà á fún kóòṣì, bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, ohùn rẹ̀ yí padà. "Mà, a ò ní bá ọ̀rọ̀ tòní lọ. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹ̀jẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń bi kóòṣì. Ẹ pe dókítà nísinsìnyí." Mo ní n ó pè lọ́la. Ó ní, "Mo dúró, mà." Kí n má purọ́, mo bínú sí i. Mo pè. Kóòṣì ní kí n má tíì fọwọ́ kan oògùn ọ̀rẹ́ mi náà, kí n kọ́kọ́ béèrè. Dókítà ló wá là mí lójú: wọ́n ti yọ ilé ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ìdí nìyẹn tó fi ń lo ẹsitírójìn nìkan. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, bó bá lo ẹsitírójìn láìsí projẹ́sítírónì, họ́mọ̀nù kejì tó ń dáàbò bo ilé ọmọ, awọ inú ilé ọmọ á máa nípọn, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ẹ má pín oògùn o!

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n rí kókó kan, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà ní nínú obìnrin 10 tí irú ẹ̀jẹ̀ yìí bá dé bá, nǹkan bí 9 ni kì í jẹ́ jẹjẹrẹ. Ta ló ń ronú nípa 9? Ẹnì kan tó kù yẹn ni mò ń jẹ́ lóròòru. Ọkọ mi, alábọ́ọ̀lù yìí, ló ń jókòó tì mí ní aago 3, tó ń bá mi ka èémí: wọlé, jáde, wọlé, jáde. Àṣé gbogbo ìgbà tí mò ń bá kóòṣì sọ̀rọ̀ ló ń dẹtí lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní kóòṣì. Ẹ bi í níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bi í ní ohun tó máa ṣe bí ẹ bá sọ pé ẹ rí ẹ̀jẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè kí n tó rí tèmi, ìgò oògùn ló kọ́kọ́ fi hàn mí, ó ní yóò tún họ́mọ̀nù mi tò ní ọjọ́ 21. Mo pa fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pariwo pé oògùn họ́mọ̀nù ń pani, ìròyìn ìwádìí ọdún 2002 tó dẹ́rù ba àwọn obìnrin lẹ ṣì gbé dání. Wọ́n ti tún ìwádìí yẹn yẹ̀ wò: fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí irú ooru yìí ń dà láàmú, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, àǹfààní rẹ̀ ju ewu lọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló wà fún, dókítà yín ni kí ẹ bi. Èmi ò tíì pinnu. Kóòṣì ti bá mi kọ ìbéèrè 6 tí n ó gbé lọ síbẹ̀.

Òun ni mo kọ́kọ́ pè nígbà tí lẹ́tà dé, kódà ṣáájú ọkọ mi (Dádì, ẹ má bínú). N kò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, àfi imú tó ń fà. Ó wá ní, "Kí lẹ fẹ́ kó tẹ̀ lé e báyìí, mà?"

Mo ní mo fẹ́ sùn. Aago 7 àárọ̀ ni mo tó jí.